Wọ́n Pa Àtíbàbà fún Kòkó

Rọ́fíátù ọmọ mi, mú bírò rẹ, kí o jókòó síbi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ. N kò lè ka ohun tí ò ń kọ, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ̀ bí ọwọ́ rẹ bá dúró nígbà tí ẹnu mi kò tíì dúró. Bí mo bá sọ ọ́ ní ẹnu Ọ̀kà, kọ ọ́ ní Yorùbá tí àwọn ará ibòmíràn yóò gbọ́, ṣùgbọ́n má bá mi fi ṣúgà sí i. Inú ń bí mi. Jẹ́ kó hàn nínú ìwé pé inú ń bí mi. Níbi sàráà tí a ṣe fún bàbá wa ní Ìwàrò-Ọ̀kà, ìṣojú gbogbo yín ni àlùfáà ti gba máìkì, tó ní kí gbogbo bàbá tó wà ní ìjókòó fi olóògbé ṣe àwòkọ́ṣe. Ó ní ẹ wo ọkùnrin tí Ọlọ́run fún ní ọmọ àfín, tí kò tijú rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àtíbàbà fún un lóko kí oòrùn má baà jó o, tó tún ra akẹtẹ̀ fún un lọ́jà Ìkàrẹ́. Àwọn èèyàn ní áámín, áámín. Sàláwà àbúrò mi, ọmọ àfín tí wọ́n ń sọ náà, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ilẹ̀. N kò sọ pé àlùfáà purọ́. Àtíbàbà wà lóòótọ́. Akẹtẹ̀ wà, mo fi ọwọ́ mi kàn án. Ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n sọ fún àlùfáà, wọ́n gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni kí o kọ.

Ẹsẹ̀ àpáta ni ilé wa wà. Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà mọ̀ pé kò sí ibi tí èèyàn yíjú sí níbẹ̀ tí òkè kò ní wò ó padà. Bí Bàbá bá wúkọ́ lẹ́yìnkùlé ní ìdájí, àpáta a bá a wúkọ́, àwa ọmọ a sì mọ̀ pé ó ti ń ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́sálásí àdúgbò, ewúrẹ́ a bẹ̀rẹ̀ igbe, Yèyé Àgbà a sì máa fi ẹ̀yìn ìka kan ìkòkò omi lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ti gbẹ. Yèyé Àgbà ni ìyá tó bí Bàbá. Òun ló ni ilé ìdáná, òun ló ń pín ẹran, òun ló ń sọ ẹni tí yóò gún iyán àti ẹni tí yóò fọ odó. Ìyá tiwa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìkáràmù ni Bàbá ti fẹ́ ẹ wá, èdè ilé bàbá rẹ̀ kò sì jọ tiwa rárá. Bí inú bá ń bí i, èdè Ìkáràmù yẹn ló máa fi ń bá ìgbálẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohun tó ń wí. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀, Sàláwà ló tẹ̀lé mi. Irun Sàláwà dà bí irun orí àgbàdo tútù, ojú rẹ̀ kì í sì í gbé ibì kan, bí ó bá fẹ́ rí ọ dáadáa, yóò sún mọ́ ọ títí imú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tìrẹ. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ni. Bí a bá ń gba ilẹ̀, òun ló ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Nínú ilé yẹn, àṣẹ kan wà tí kò ní àtúnsọ: Sàláwà kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀. Yèyé Àgbà ní àfín kì í jẹ iyọ̀, bí ó bá jẹ ẹ́, awọ ara rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ìkòkò kékeré kan wà fún un lọ́tọ̀, ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣíbí tiwa kàn. Bí iyán bá délẹ̀ lálẹ́, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tiwa yóò wà ní ọ̀tún, tirẹ̀ tó tẹ́ bí omi yóò wà ní òsì, yóò sì máa wo ẹnu wa. "Àwáwù," yóò ní, "báwo ló ṣe rí lónìí?" Èmi a ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni." "Bẹ́ẹ̀ náà báwo?" Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé iyọ̀ fún ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí? Àlejò kì í tíì jókòó tán kí Yèyé Àgbà tó pariwo pé, "Ẹ má fún èyí ní àkàrà yín o, iyọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀!" Wọ́n ṣọ́ ẹnu ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ilé ìṣúra. Gbogbo wa la mọ̀ pé awọ ara rẹ̀ nílò ìtọ́jú. Mo fẹ́ kí o fi ìlà sí abẹ́ èyí, Rọ́fíátù. Gbogbo ilé ló mọ̀.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni Bàbá pinnu pé òun fẹ́ gbin kòkó tuntun. Ó bu ilẹ̀ dúdú sínú àwọn láílọ́ọ̀nù kéékèèké, ó tò wọ́n sí ibi tó tẹ́jú nínú oko wa lápá ìsàlẹ̀ òkè, ó sì fi hóró kòkó sínú wọn. Nígbà tí wọ́n hù, ewé wọn pọ́n, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. "Kòkó ọmọdé kì í fẹ́ oòrùn," ni Bàbá wí. Ó ri ọparun mọ́lẹ̀, ó to imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí, ó pa àtíbàbà tó tutù débi pé ajá wa sá wọ ibẹ̀, wọ́n sì fi òkò lé e jáde. Láàárọ̀, kó tó ṣe ohunkóhun, Bàbá yóò wọ abẹ́ rẹ̀, yóò gbé ojú sókè. Bí ó bá rí ibi tí oòrùn ti ń yọjú, bí kò tilẹ̀ ju ẹyọ ẹ̀pà lọ, yóò ní kí n gbé imọ̀ ọ̀pẹ wá, yóò dí i. Kòkó nìkan kọ́ o. Ebè iṣu ńkọ́? A máa ń já ewé, a ó dé e lé orí ebè kọ̀ọ̀kan, Bàbá a máa pariwo pé, "Ẹ dé e ní fìlà dáadáa, kí oòrùn má sè é!" Tìmùtìmù máṣíìnì tó ń gùn wá sóko, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a fi ń bò ó kó má baà là. Rédíò tó wà ní pálọ̀, tí oòrùn kò lè rí láéláé, aṣọ òdòdó ló wà lórí rẹ̀. Ohun gbogbo ní ìbòrí nínú ayé wa. Ọmọ tí awọ rẹ̀ tínrín ju ewé kòkó lọ ni a tú sí gbangba.

Sàláwà ti lọ sí ilé ìwé díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rí ohun tí tíṣà ń kọ sí pátákó. Bàbá ní kó kúkú máa bá wa lọ sóko, ó ṣe tán, èmi náà kò lọ síbẹ̀ rí. Iṣẹ́ àwa méjèèjì ni láti pọn omi lódò, kí a gbé e gba inú pápá tí wọ́n ti ṣán, kí a fi wọ́n kòkó. Bí a bá wọ́n kòkó tán, a ó lọ tu koríko ìdí ẹ̀gẹ́, kò sí igi kan ṣoṣo níbẹ̀. Síìmí ni a ń wọ̀, gbogbo èjìká síta. Aṣọ alápá gígùn wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n ti ilé-kéú ni, ti ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, àti ti Iléyá. Wọ́n ní kó má baà gbó. Ẹ gbọ́ nǹkan! Aṣọ kò gbọdọ̀ gbó, awọ ọmọ lè gbó. Tí a bá délé, èjìká Sàláwà á ti pọ́n bí ìgbà tí èèyàn bá fi osùn pa á, bí o bá gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn láìtíì kàn án, wàá mọ ooru rẹ̀ lára. Lọ́jọ́ kejì yóò lé roro. Lẹ́yìn ìyẹn yóò máa bó bí èèpo àlùbọ́sà, ètè rẹ̀ a sì là títí tí kò fi ní lè rẹ́rìn-ín tán kó má ṣẹ̀jẹ̀. Kí ni Yèyé Àgbà ń ṣe sí i? Àdí ni. Ó ń fi àdí pa á láṣàálẹ́, ó tún ń fi pa á láàárọ̀ kí a tó jáde, ó ní, "Yóò mọ́ ọn lára. Oòrùn ló ń jẹ́ kí ara ọmọ gbó." Mo máa ń tẹ̀lé àbúrò mi lẹ́yìn lọ́nà oko, ọrùn rẹ̀ ń dán bí ẹran tí wọ́n fẹ́ gbé sórí iná. Lọ́jọ́ kan mo bi Bàbá pé ṣé Sàláwà kò lè dúró sábẹ́ àtíbàbà kòkó nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Ó ní, "Kó máa ṣe kí ni níbẹ̀? Kó tẹ kòkó mi mọ́lẹ̀? Ṣé ó ríran ni?"

Ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́ ni ìyá wa máa ń gbé ata lọ. Oníbàárà rẹ̀ kan wà níbẹ̀, ìyàwó àlùfáà kan, ẹlẹ́hàá ni. Kì í jáde wá sọ́jà, nítorí náà inú yàrá rẹ̀ la ti ń bá a, nítorí pé obìnrin ni gbogbo wa, yóò ká ìbòjú rẹ̀ sókè, yóò gbé omi fún wa. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, Sàláwà sún mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, títí imú rẹ̀ fi kan aṣọ dúdú yẹn, ó ń fi ọwọ́ pa á. "Mọ́mì, ṣé ara yín kì í gbóná nínú rẹ̀ ni?" Obìnrin náà ní ó ń gbóná díẹ̀. "Oòrùn ńkọ́?" "Oòrùn wo?" Ó fa apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá sí i. Apá yẹn jọ̀lọ̀ bí inú ìkarahun. "Láti ìgbà tí mo ti wọ nǹkan yìí, oòrùn kò mọ ibi tí mo ń gbé mọ́." Sàláwà ní, "Ẹ bá mi wá àlùfáà tó máa fẹ́ mi. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́." Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí agbọ̀n ata. Ẹlẹ́hàá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò pẹ́. Ó yí ọmọ náà padà, ó wo èjìká rẹ̀ níbi tó ti bó. "Ìyá Àwáwù, iná ló jó o ni?" "Oòrùn ni." "Oòrùn nìkan?" Obìnrin náà ṣí àpótí, ó yọ ẹ̀há àtijọ́ kan tí dúdú rẹ̀ ti ṣí, ó jù ú sórí itan ìyá wa. "Gé e kúrú fún un. Aṣọ ni mo fún un o, n kò so yìgì." Àlejò ni òun jẹ́ sí wa. Ẹ̀ẹ̀kan ló wo èjìká ọmọ yẹn tó sì bi wá ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé wa kò bi ara rẹ̀ rí.

Ìyá wa gé e, ó fi ọwọ́ rán an. Ìgbà tí Sàláwà gbé e wọ̀ lọ sóko, ṣe ló dà bí ẹyẹ dúdú kékeré tó gbé korobá lórí. Orin kéú ló ń kọ nínú rẹ̀, a kàn ń gbọ́ ohùn ni, a kò rí ẹnu. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a délé tí èjìká rẹ̀ kò pọ́n. Ó máa ń pè mí kí n wá fọwọ́ kàn án: "Ó tutù, àbí kò tutù?" Mo ní ó tutù. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin kan tí oko wọn bá tiwa pààlà kọjá, wọ́n rí i. "Háà, o fi ọmọ fún àlùfáà, o kò pè wá jẹ ìrẹsì!" "Àna wa dà? Ẹ ní kó wá bá wa ro oko." "Ẹlẹ́hàá tó ń tu koríko! Mo dé ibi tí n kò dé rí lónìí." Bàbá bá wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi lọ. Bí ẹ̀yìn wọn ṣe wọ igbó, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó rìn lọ bá Sàláwà, ó fa aṣọ yẹn gba orí rẹ̀ yọ bí ẹni ń bó awọ ehoro. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri Ọ̀kà ni? Ìwọ ti di ìyàwó ilé?" "Bàbá, oòrùn ni." "Oòrùn tí gbogbo ayé ń rí?" Ó ká aṣọ náà mọ́wọ́, ó wá ibi tí yóò jù ú sí. Ó wọ abẹ́ àtíbàbà, ó gbé ojú sókè bí ó ti máa ń ṣe, ó rí ibi tí imọ̀ ọ̀pẹ ti gbẹ tí oòrùn ń yọjú. Ó ta ẹ̀há àbúrò mi síbẹ̀. Ó dí i dáadáa. Ó fi okùn so ó kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Mo dúró níbẹ̀, mo rí i.

Koríko ló tù láti ìgbà náà títí di ìrun àsárì, nínú síìmí. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ lé roro tí omi wà nínú rẹ̀ bí ẹyin tí kò le, etí rẹ̀ kan wú. Ìyá wa tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń fẹ́ ẹ. Yèyé Àgbà wọlé, ó tẹ̀ ba, ó wò ó títí, ó sì dìde dúró láàárín ilé. Ó ní, "Ta ló fún un ní iyọ̀?" Mo rò pé etí mi ló dí. Ó tún bèèrè. "Mo ní ta ló fún ọmọ yìí ní iyọ̀?" Ó gbé ìkòkò kékeré yẹn, ó fi ìka tọ́ ìdí rẹ̀ wò. Ó gbọ́ òórùn ẹnu Sàláwà. Wọ́n pe èmi náà síwájú, wọ́n ní kí n fi Kùránì búra pé n kò fún un ní ọbẹ̀ tèmi jẹ, mo sì búra, mo ń sunkún. Bàbá jókòó lórí àga rẹ̀, ó ní, "Kí ẹni tó ṣe é sọ òtítọ́, kí a lè mọ ohun tí a ó ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí." Bàbá o! Ẹni tó so okùn! Wọ́n wá iyọ̀ nínú ilé yẹn bí ọlọ́pàá tó ń wá olè. Kò sí ẹni tó wo ẹ̀yìn ọmọ náà kó rí i pé ibi tí okùn síìmí bò nìkan ni kò jó, pé ìlà funfun náà wà níbẹ̀ gbangba gbàǹgbà lórí èjìká rẹ̀. Mo wo ìyá wa. Ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, èdè Ìkáràmù ló ń sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló bọ́ sí lọ́jọ́ kejì. Bàbá kì í lọ sóko lọ́jọ́ Jímọ̀ àfi bí wọ́n bá kírun tán. Ìyá wa fi Sàláwà sílẹ̀ nínú yàrá tó tutù, ó ní kí n tẹ̀lé òun. A dé oko, ó yí korobá dojú dé, ó gun orí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa imọ̀ ọ̀pẹ àtíbàbà kòkó lulẹ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ ti yí. "Yèyé, kí lẹ ń ṣe?" Kò wò mí. "Mo ń jẹ́ kí oòrùn mọ́ wọn lára." Ó tú ẹ̀há ọmọ rẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó ká a sínú agbọ̀n. Èyí tó dára jù nínú imọ̀ ọ̀pẹ náà, ó tò ó sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà a lọ jókòó sí ìdí igi lẹ́bàá odò, ó bó iṣu sísun fún mi, a ń wò wọ́n. Oòrùn gun òkè. Ewé pupa kéékèèké wọ̀nyẹn kọ́kọ́ rọ, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí ba, nígbà tí a gbọ́ ohùn máṣíìnì Bàbá, etí wọn ti ká, ó ti ń gbẹ.

Aṣọ funfun Jímọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ju máṣíìnì sílẹ̀, kò rántí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Ta ló ṣe èyí?" "Èmi ni." "Ṣé o ya wèrè ni?" Ìyá wa dìde. Mo ń retí èdè Ìkáràmù, ṣùgbọ́n Yorùbá ló sọ, ó sì sọ ọ́ sókè débi tí àpáta fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ bi wọ́n! Ẹ bá mi bi kòkó yín, Bàbá Àwáwù, ta ló fún wọn ní iyọ̀?" Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, ọwọ́ náà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, ó mú ewé kan, ó fi ìka pa etí rẹ̀ tó ti jó, ó rún wómúwómú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mú òmíràn. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Nígbà tó dìde, ó ní kí n gbé imọ̀ ọ̀pẹ wá kíá. Ìyá wa ní, "Tọmọ mi ṣáájú." Bí Bàbá ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ìyá wa ti ri ọparun mọ́lẹ̀ ní etí oko ẹ̀gẹ́, ó ti ń to èyí tó ṣà sọ́tọ̀ lé e lórí. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó okùn òkè. Bàbá dúró, ó wò ó, ó wo kòkó, ó wá na ọwọ́, ó so okùn yẹn. Ohun tí àlùfáà ń pè ní fífi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àtíbàbà nìyẹn. Okùn kan ni.

Kòkó tó kú lọ́jọ́ náà pọ̀. Àwọn àgbà ẹbí pé jọ nítorí rẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá wa kúnlẹ̀, kó bẹ ọkọ rẹ̀, kó bẹ Yèyé Àgbà, ó sì kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ fún Sàláwà. Ní ọjà Ìkàrẹ́ tó tẹ̀lé e, Bàbá ra akẹtẹ̀ fífẹ̀ kan wá, ó gbé e dé Sàláwà lórí níwájú ilé, ní ìṣojú àwọn ọkùnrin tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ pé, "Bàbá gidi!" Ibẹ̀ ni ìyìn yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán. Ìyá wa kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Ó kàn yí iṣẹ́ padà ni: Sàláwà a jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a wọ aṣọ alápá gígùn tó wà nínú àpótí, a dé akẹtẹ̀, nígbà tí òjìji èèyàn bá sì ti ń kúrú, ó ti wà lábẹ́ àtíbàbà tirẹ̀, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Etí tó wú yẹn kò padà sí bó ti wà. Egbò a jinná níbẹ̀, a tún yọ, títí tó fi dàgbà tí àwọn dókítà fi gé díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí tó fi ń wé gèlè bo etí kan nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ rò pé fáàrí ni. Iyọ̀ ńkọ́? Wọn kò jẹ́ kó jẹ ẹ́. Ó di ilé ọkọ kó tó tọ́ ọ wò. Ó wá bá mi, ó sún mọ́ mi, imú sí imú: "Àwáwù, òpùrọ́ ni ọ́. O ní bẹ́ẹ̀ náà ni."

Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé wọn kò mọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń fi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nìyẹn: ayé àtijọ́ ni, ojú kò tíì là. Ta ni ojú rẹ̀ kò là? Ọkùnrin tó mọ̀ pé ihò bíi ẹyọ ẹ̀pà nínú imọ̀ ọ̀pẹ lè pa ewé? Obìnrin tó ń fi ìka tọ́ ìdí ìkòkò nítorí awọ ara? Wọ́n mọ̀. Ohun tí yóò so èso ni wọ́n pa ìmọ̀ náà mọ́ fún. Kòkó ló kọ́ bàbá wa lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ ti wà níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò rí i kà. Mo fẹ́ràn bàbá mi. Mo tún ń bínú sí i. Kọ méjèèjì.

Kọ ti ọjọ́ sàráà náà mọ́ ọn, nítorí ẹ̀yìn ni ìwọ jókòó sí, o kò rí i. Bí àlùfáà ṣe ń sọ̀rọ̀ àtíbàbà yẹn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń yí gba abẹ́ kánópì. Mo rí i tó dé ẹsẹ̀ Sàláwà. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Oòrùn gun itan rẹ̀. Ó fi ìborùn bo ọwọ́. Gbogbo àwọn tó ń ṣe áámín, tí wọ́n ń wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín pé òun ni ọmọ tí a ṣìkẹ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí i pé oòrùn ti dé ọrùn rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti dìde. Ó di ẹ̀yìn àga rọ́bà rẹ̀ mú, ó ń wọ́ ọ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń dún gan-an. Àlùfáà gbé máìkì kúrò lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí sáré wá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àdúà là ń ṣe lọ́wọ́." Sàláwà kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ máa ṣe é lọ. Oòrùn ni mò ń sá fún, n kò sá fún àdúà." Ó wọ́ àga náà títí dé ìdí ògiri níbi tí òjìji wà, ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Àlùfáà tún ojú ọ̀fun ṣe, ó ní, "Bàbá rere." Wọ́n fẹ́ ṣe áámín. Mo dìde, mo di àga tèmi mú, mo sì wọ́ ọ tẹ̀lé e.